Ṣé lóòótọ́ ni pé kairos ni àsìkò Ọlọ́run, chronos sì ni ti èèyàn lásán? Ẹ bá mi dá sí i

Àdùkẹ́_Ọ̀yọ́:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará, ẹ káàárọ̀ ẹ káàsán, ìgbà yòówù tẹ́ ẹ bá ka èyí. Mo ní ìbéèrè kan tó ń jẹ mí lọ́kàn, mi ò sì lè bi í ní ṣọ́ọ̀ṣì torí ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, wọ́n á ní Sístà Àdùkẹ́ ti tún gbé ìwé ẹ̀ dé. Àkòrí wa fún oṣù yìí ni "Mo ti wọ kairos mi", ó wà lára báńà, òun la fi ń gbàdúrà níbi ìsìn àìsùn, kódà àwọn ọmọ Sọ́ńdè Sùkúù ti ń fi kọrin. Bí pásítọ̀ wa ṣe là á yé wa ni pé ọ̀rọ̀ méjì ni Gíríìkì ní fún àsìkò nínú Bíbélì, chronos àti kairos, pé chronos ni àsìkò ti ẹ̀dá, èyí tí aago àti kàlẹ́ńdà ń kà, tó kàn ń lọ ṣáá tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, àmọ́ kairos ni ti Ọlọ́run, aago kankan ò lè kà á, ọjọ́ téèyàn bá sì bọ́ sínú ẹ̀, ohun tó ti ń sá fún un láti ogún ọdún á wá bá a nílé. Mi ò ní purọ́, ó dùn, èmi náà dìde mo pariwo.

Ìgbà tí mo délé ni mo ṣí áàpù kan lórí fóònù mi, èyí tó máa ń fi Gíríìkì hàn lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ní kí n wo àwọn ibi tí kairos yẹn wà kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni Gálátíà 4:4, "nígbà tí àkókò kíkún náà dé, Ọlọ́run rán Ọmọ rẹ̀ jáde wá", torí kí ló tún lè jẹ́ àsìkò Ọlọ́run jùyẹn lọ. Chronos ni mo bá níbẹ̀. Mo tún un wò, chronos náà ni.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Gíríìkì, ṣé áàpù ló ṣìnà ni àbí ọ̀rọ̀ náà ò rí bí wọ́n ṣe sọ ọ́? Kì í ṣe pé mo fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà o. Àbúrò mi ọkùnrin ni mo ń rò, wọ́n pè é síṣẹ́ ní Ìlọrin, ó ní òun ò lọ, pé chronos nìyẹn, òun ń dúró de kairos òun. Ẹ́ńfílóòpù ọrẹ kairos náà sì wà lórí tábìlì wa báyìí, wọ́n ní ká kọ ohun tá a fẹ́ sí i lára ká wá fi owó sí i nínú.

Olùkọ́_Gíríìkì:

Sístà Àdùkẹ́, ẹ kú ìwádìí. Áàpù yín ò ṣìnà. Gíríìkì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́mínárì, ọdọọdún ni wọ́n sì ń gbé ìbéèrè yìí wá, torí ìwàásù yẹn ti kárí ayé, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì yín nìkan.

Gálátíà 4:4 tẹ́ ẹ rí yẹn, to plērōma tou chronou ni Pọ́ọ̀lù kọ. Máàkù 1:15 ńkọ́, níbi tí Jésù ti ní àkókò náà dé, ìjọba Ọlọ́run sì kù sí dẹ̀dẹ̀? Peplērōtai ho kairos. Nǹkan kan náà ni wọ́n ń sọ, pé ohun tí Ọlọ́run ti dájọ́ fún ti pé, kódà ọ̀rọ̀ "kún" tó wà nínú méjèèjì, ibì kan náà ló ti ṣẹ̀ wá, ẹnìkan kàn mú chronos ni, ẹnìkejì mú kairos. Tó bá jẹ́ pé chronos ni àsìkò tí Ọlọ́run ò sí níbẹ̀, a jẹ́ pé inú àsìkò lásán ni wọ́n bí Jésù sí nìyẹn, pásítọ̀ yín gan-an ò ní gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ìbímọ. Oníwàásù 3:2, ìgbà bíbí wà, ìgbà kíkú wà, kairos ló wà níbẹ̀ nínú Bíbélì Gíríìkì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Septuagint. Ẹ lọ sí Lúùkù 1:57, ọjọ́ ìbímọ Èlísábẹ́tì pé, ó bí Jòhánù: chronos. Oyún ni oyún ń jẹ́ o! Ẹ tún gba ìwàásù Sítéfánù lọ, Ìṣe 7:17, àkókò ìlérí tí Ọlọ́run ṣe fún Ábúráhámù sún mọ́lé, ìlérí Ọlọ́run fúnra ẹ̀ o, chronos ni. Ẹsẹ 20, nígbà náà la bí Mósè, kairos. Ẹnu ẹnìkan náà, ìwàásù kan náà.

Ti pé aago ò lè ka kairos yẹn ló máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Jẹ́nẹ́sísì 1:14, nígbà tí àwọn Júù Alẹkisáńdíríà ní Íjíbítì túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn sí Gíríìkì, wọ́n ní Ọlọ́run fi oòrùn àti òṣùpá sójú ọ̀run kí wọ́n lè jẹ́ àmì fún kairos àti ọjọ́ àti ọdún. Aago wo ló ju oòrùn lọ? Ìfihàn 12 wá sọ ọ́ ojú ẹ̀ là: ní ẹsẹ 6, obìnrin yẹn wà ní aginjù fún ọjọ́ 1,260; ní ẹsẹ 14 wọ́n tún ìtàn náà sọ, ó wà níbẹ̀ fún kairos kan, àti àwọn kairos, àti ààbọ̀ kairos. Ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ni. Kairos kan, ọdún kan. Wọ́n kà á bí wọ́n ṣe ń ka owó.

Èyí tó kù, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Lúùkù 4:13, lẹ́yìn tí èṣù dán Jésù wò tán ó fi í sílẹ̀ "títí di kairos kan". Ìfihàn 12:12, èṣù bínú torí ó mọ̀ pé kairos kúkúrú lòun ní. Ìṣe 12:1, àsìkò tí Hẹ́rọ́dù nawọ́ mú àwọn ará ìjọ tó sì fi idà pa Jákọ́bù, kairos náà ni. Ṣé a máa wá ní kairos Hẹ́rọ́dù náà ti dé?

Fẹ́mi_Bíbélì_Ọwọ́:

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, mo dọ̀bálẹ̀ o. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lọ fa àlìkámà tu mọ́ èpò. Wọ́n ti ṣi ọ̀rọ̀ yìí lò, mo gbà, ẹ́ńfílóòpù yẹn gan-an ò dáa, ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ pé kairos kàn jẹ́ "ìgbà" ṣáá bí ẹni pé kò gbé nǹkan kan dání. Àwọn Gíríìkì fúnra wọn ò rí i bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, ọ̀rọ̀ tó bá a tan, kairios, ojú ibi lára èèyàn tí ọfà bá wọlé tó máa pa á ni wọ́n ń fi í pè. Hippocrates tí wọ́n ń pè ní baba àwọn dókítà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àwọn òwe ìṣègùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé ẹ̀mí kúrú, iṣẹ́ gùn, kairos sì ń sáré, ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú tó yẹ kí dókítà dá sí àìsàn kì í dúró. Lysippos ará Sikyon, tó máa ń gbẹ́ ère fún Alẹkisáńdà Ńlá, ó ṣe ère Kairos ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú Kristi: irun wà níwájú orí ẹ̀, ìpàkọ́ ẹ̀ pá, ìyẹ́ wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó mú abẹ dání. Tó bá ń bọ̀ lo lè di irun iwájú ẹ̀ mú, tó bá ti kọjá, ọwọ́ ẹ kàn máa yọ̀ lórí ìpàkọ́ ni.

Ẹ wá wo Lúùkù 19:44, Jésù ń sunkún lórí Jerúsálẹ́mù, ó ní òkúta kan ò ní kù lórí òkúta kan nínú ẹ torí pé o ò mọ kairos ìbẹ̀wò rẹ. Chronos ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn níbẹ̀. 2 Kọ́ríńtì 6:2, nísinsìnyí ni kairos ìtẹ́wọ́gbà. Éfésù 5:16, ẹ máa ra kairos padà torí búburú ni àwọn ọjọ́. Gálátíà 6:9, a ó ká a ní kairos ẹ̀ tá ò bá ṣàárẹ̀. Ẹ ò rí i pé gbogbo ibi wọ̀nyí, nǹkan kan wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ tàbí kó ṣe, tó sì lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́? Ohun tí pásítọ̀ ń gbìyànjú láti sọ náà nìyẹn.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn ará South Africa. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, nígbà tí ìjọba apartheid ti kéde òfin pàjáwìrì tí wọ́n ń pa èèyàn ní táúnṣíìpù, àwọn onímọ̀ Ọlọ́run kóra jọ ní Soweto, wọ́n kọ ìwé tí wọ́n pè ní Kairos Document, wọ́n ní àsìkò ìdájọ́ ti dé bá ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí àyè fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó sáàárín. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ mọ́tò àti ìwé ìrìnnà ni wọ́n fi ṣe o.

Bàríkà_24:

Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi ẹ dákẹ́ o, ẹ ti ní "ẹ máa ra kairos padà", wọ́n á ní ìdí tí wọ́n fi pín ẹ́ńfílóòpù náà nìyẹn 😂😂

Olùkọ́_Gíríìkì:

Hahaha, Bàríkà o ò ní pa mí.

Fẹ́mi, a ò jà rárá, ibi tá a ti yàtọ̀ ò tó nǹkan. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ní ibi tí wọ́n fẹ́ràn láti máa lọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bi èèyàn ní Gíríìkì pé ó ti pẹ́ tó, chronos ni: Jòhánù 5:6, ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ létí adágún fún ọdún 38, wọ́n ní ó ti wà níbẹ̀ ní chronos púpọ̀, Máàkù 9:21, Jésù bi baba ọmọ tó ń wárápá pé chronos mélòó lèyí ti ń ṣe é. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ pé nǹkan ti tó, èso ti gbó, ìkórè ti yá, kairos ló sábà máa ń jẹ́, bí igi ọ̀pọ̀tọ́ tí Jésù bá tí kò léso ní Máàkù 11:13, tí wọ́n ní kì í ṣe kairos ọ̀pọ̀tọ́. "Ó pẹ́" àti "ó tó". Títí dé ibẹ̀, mo wà lẹ́yìn yín.

Àmọ́ "sábà" lèmi sọ, ẹ gbọ́ mi yé. Nínú Májẹ̀mú Titun kairos wà níbi bí 85, chronos wà níbi bí 54, ẹ kó wọn jọ kẹ́ ẹ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wàá rí i pé wọ́n ń wọ ilé ara wọn wọ ilé ara wọn. Lúùkù 8:13, àwọn tó bọ́ sórí àpáta, wọ́n gbà gbọ́ fún kairos, ìyẹn fún ìgbà díẹ̀, kairos níbí ò ju bó ṣe pẹ́ tó lọ. Mátíù 11:25, "ní kairos yẹn Jésù dáhùn", kò ju "nígbà náà" tá a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn lọ. Lúùkù 4:5, èṣù fi gbogbo ìjọba ayé han Jésù ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú chronos. Ẹ tún wo ìwàásù Pétérù ní Ìṣe 3 láti ẹsẹ 19 dé 21, àwọn kairos ìtura á ti ọ̀dọ̀ Olúwa wá, ọ̀run á sì gba Jésù títí di àwọn chronos ìmúpadàbọ̀sípò ohun gbogbo. Ẹ sọ fún mi, èwo ló jẹ́ ti Ọlọ́run níbẹ̀ nínú méjèèjì?

Èyí tó wá parí ọjà fún mi ni Ìhìnrere Jòhánù. Kò sí ìwé tó sọ̀rọ̀ àsìkò tí Baba yàn fún Jésù tó o, látorí ìgbéyàwó Kánà dé orí kẹtàdínlógún tí Jésù gbójú sókè tó ní Baba, ó ti dé. Ọ̀rọ̀ wo ni Jòhánù ń lò? Hōra. Wákàtí! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ka wákàtí méjìlá tó wà nínú ọjọ́ ní Jòhánù 11:9. Ibi tí Jòhánù ti lo kairos ò pọ̀, a rí i ní orí 7 ẹsẹ 6 àti 8, Jésù ní kairos òun ò tíì dé, ó wá sọ fún àwọn àbúrò ẹ̀ tí wọn ò gbà á gbọ́ pé kairos tiyín wà ní sẹpẹ́ nígbà gbogbo. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún ìyẹn kà. Àwọn aláìgbàgbọ́ ni kairos tiwọn wà ní sẹpẹ́ ní gbogbo ìgbà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé náà ti bára wọn fà á. Oscar Cullmann kọ ìwé kan ní 1946 tó gbé kairos ga, ọ̀pọ̀ tẹ̀ lé e, àwọn kan tún wá sọ ọ́ di pé èrò Bíbélì nípa àsìkò yàtọ̀ pátápátá torí pé ó ní kairos. Ní 1962 James Barr, ará Scotland, gbé tiẹ̀ jáde lórí àwọn ọ̀rọ̀ àsìkò nínú Bíbélì, ó sì tú u palẹ̀, ó ní inú gbólóhùn ni ìtumọ̀ ń gbé, ẹ ò lè kó ẹ̀kọ́ ìsìn odidi sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kẹ́ ẹ wá máa gbé e kiri. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún báyìí, ìwàásù náà ò tíì gbọ́.

Lúùkù 19:44 yín dáa gan-an, Fẹ́mi. Àmọ́ ẹ wò ó, "ìbẹ̀wò" ló gbé ìwúwo níbẹ̀. Ẹ yọ ìbẹ̀wò kúrò, kí ló kù?

Fẹ́mi_Bíbélì_Ọwọ́:

Ó kù pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ mo gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Áténì:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí wọ́n ti ń sọ Gíríìkì yẹn lèmi ń gbé, ẹ jẹ́ n dá yín lẹ́rìn-ín díẹ̀. Lónìí tẹ́ ẹ bá dé Áténì tẹ́ ẹ gbọ́ kairos, ojú ọjọ́ ni wọ́n ń sọ. Ti kairo kanei, báwo lojú ọjọ́ ṣe rí, ṣé òjò ni àbí oòrùn. Ẹni tó ń ka ojú ọjọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, kairos ló ń kà fún yín lálaalẹ́, ó tún sọ iye dígíríì tó jẹ́. Chronos wá di ọdún, tó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí yín wọ́n á ní chronia polla, ọdún púpọ̀ o, bí àwa ṣe ń ní ẹ ṣe púpọ̀ láyé. Mo mọ̀ pé Gíríìkì òní kọ́ la fi ń túmọ̀ Bíbélì, mo kàn ní kẹ́ ẹ gbọ́ ni.

Ibì kan ṣá tún wà tí mo ti ń gbọ́ kairos àtijọ́, ṣọ́ọ̀ṣì Ọ́tódọ́ọ̀sì tó wà ní àdúgbò wa. Kí ìsìn ńlá tó bẹ̀rẹ̀, díákónì á tẹrí ba fún àlùfáà á ní kairos tou poiēsai tō Kyriō, àsìkò ti tó fún Olúwa láti ṣiṣẹ́. Inú Sáàmù 119 ẹsẹ 126 ló ti wá. Ohun tó wà nínú sáàmù yẹn ni pé wọ́n ti sọ òfin Ọlọ́run di asán, ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi ní kí Olúwa dìde.

Ìyá_Àgbà_CMS:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Gíríìkì tẹ́ ẹ ń sọ yìí dáa, Ọlọ́run á túbọ̀ là yín lóye, àmọ́ kí ló dé tẹ́nikẹ́ni nínú yín ò ṣí Bíbélì Yorùbá wò? Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àtàwọn tí wọ́n jọ ṣe é ò kàn kọ ọ́ bó ṣe wù wọ́n. Láti 1850 ni Róòmù ti jáde ní Yorùbá, 1884 ni odidi Bíbélì pé, wọ́n ti fi ọdún gbọọrọ yẹn wo ọ̀rọ̀ dáadáa. Gálátíà 4:4, "àkókò kíkún". Máàkù 1:15, "àkókò náà dé". Ẹ ní Gíríìkì méjèèjì yàtọ̀, àwọn ò yà á sọ́tọ̀. Ìṣe 1:7, kì í ṣe tiyín láti mọ "àkókò tàbí ìgbà", 1 Tẹsalóníkà 5:1 náà, "ní ti àkókò àti ìgbà wọ̀nnì". Tó bá wá di ti Jòhánù tí Olùkọ́ sọ, "wákàtí mi kò ì tí ì dé", wákàtí tí àwọn Ìmàle mú wá láti inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n lò láìtijú. Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Yorùbá tiwa náà mọ̀ pé gbogbo ìgbà kọ́ ni ìgbà. Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Ìgbà lásán tí gbogbo wa mọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́, ó sì ti yé ẹni tó bá létí. Kẹ́ ẹ wá lọ máa kó Gíríìkì tí ẹ ò gbọ́ sára báńà, ta lẹ fẹ́ fi dẹ́rù bà?

Olùkọ́_Gíríìkì:

Màmá, ẹ ṣeun, àgbà ò ní tán nílẹ̀ wa. Àkókò àti ìgbà tẹ́ ẹ sọ yẹn, tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ti ń rìn pọ̀, Dáníẹ́lì 2:21 ní Gíríìkì, Ọlọ́run ló ń yí kairos àti chronos padà. Bí ẹní ń ní "ìgbà àti àsìkò" ni, kò sẹ́ni tó ń dá ọ̀nà sáàárín wọn. Ẹ sì wò ó, tó bá jẹ́ pé Ọlọ́run ló ń yí méjèèjì padà, tí Baba sì fi méjèèjì sábẹ́ àṣẹ ara ẹ̀ ní Ìṣe 1:7, èwo ló wá ṣẹ́ kù fún ẹ̀dá nìkan?

Àdùkẹ́_Ọ̀yọ́:

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an, ìwé mi ti kún. Màmá, mo kúnlẹ̀ o. Àbúrò mi ti ka gbogbo ẹ̀, ó ní bó bá ṣe jẹ́ o, Pọ́ọ̀lù náà ní kairos ṣe pàtàkì, òun á dúró. Kí ni mo lè fi dá a lóhùn?

Fẹ́mi_Bíbélì_Ọwọ́:

Sístà, ẹ fi gómìnà Fẹ́líksì dá a lóhùn. Ìṣe 24:25. Pọ́ọ̀lù wà lẹ́wọ̀n ní Kesaríà, ó ń bá gómìnà sọ̀rọ̀ òdodo àti ìkóra-ẹni-níjàánu àti ìdájọ́ tó ń bọ̀, àyà gómìnà já, ó ní máa lọ ná, tí mo bá rí kairos màá ránṣẹ́ pè ọ́. Kairos gan-an ló wà lẹ́nu ẹ̀ o! Ẹ tún ka ẹsẹ 26 mọ́ ọn, ó ń ránṣẹ́ pè é léraléra, àmọ́ owó ló ń retí pé Pọ́ọ̀lù máa fún òun. Ọdún méjì kọjá, wọ́n gbé gómìnà míì dé, ó fi Pọ́ọ̀lù sílẹ̀ nínú ìdè ó bá tiẹ̀ lọ. Nínú gbogbo Bíbélì, ẹni tó ń dúró de kairos nìyẹn.

Àwọn ibi tí Pọ́ọ̀lù ti lò ó fún àwa onígbàgbọ́, kò ní ká dúró. Éfésù 5:16, ẹ rà á, ọ̀rọ̀ ìṣe tó lò níbẹ̀, ọjà ló wà nínú ẹ̀, bí ẹni tó rí ọjà tó dáa tó sì gbọ́wọ́ lé e. Gálátíà 6:10, níwọ̀n bá a ti ní kairos, ẹ jẹ́ ká ṣe rere. A ti ní in, kò ní a ó ní in. 2 Tímótíù 4:2 wá ní kí Tímótíù wàásù yálà ó bọ́ sí kairos tàbí kò bọ́ sí i. Tí Ìlọrin bá ní ìṣòro míì, bóyá owó oṣù ni o, bóyá ọ̀nà jìn, ìyẹn ọ̀tọ̀, kó sọ bẹ́ẹ̀.

Bàríkà_24:

Ọ̀rọ̀ Ìlọrin yẹn, ẹ bi í bóyá ọmọbìnrin kan wà ní Ọ̀yọ́ ni o. Mo ti dákẹ́.

Àdùkẹ́_Ọ̀yọ́:

Bàríkà 😂 màá bi í.

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́, ẹyọ kan ló kù kí n tó gbé ìwé mi pamọ́. Ìfihàn 10:6, áńgẹ́lì tó gbẹ́sẹ̀ lé òkun àti ilẹ̀, tó búra pé chronos ò ní sí mọ́. Pásítọ̀ wa ló fi parí ìwàásù yẹn, ó ní ṣé ẹ rí i, lọ́jọ́ ìkẹyìn Ọlọ́run á pa chronos rẹ́, kairos nìkan ló máa kù. Mo yẹ̀ ẹ́ wò, chronos náà ni mo bá níbẹ̀ lóòótọ́.

Olùkọ́_Gíríìkì:

Bẹ́ẹ̀ ni, chronos ouketi estai. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń túmọ̀ ẹ̀ pé aago ayé á dúró, Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ náà jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ẹsẹ 7 tó tẹ̀ lé e: ṣùgbọ́n ní àwọn ọjọ́ tí áńgẹ́lì keje bá ń fẹ́ fun kàkàkí, àṣírí Ọlọ́run á parí. Àwọn ọjọ́ ṣì wà, ẹ rí i? Tí àsìkò bá ti tán, ọjọ́ wo ni kàkàkí fẹ́ dún?

Ẹ padà sí orí 6. Ẹsẹ 10, ọkàn àwọn tí wọ́n pa nítorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wà lábẹ́ pẹpẹ, wọ́n ń ké pé Olúwa, yóò ti pẹ́ tó kí o tó gbẹ̀san ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹsẹ 11, wọ́n fún wọn láṣọ funfun, wọ́n ní kí wọ́n sinmi fún chronos díẹ̀ sí i, títí iye àwọn ará wọn tí wọ́n máa pa bí wọ́n ṣe pa àwọn náà á fi pé. Chronos díẹ̀. Nígbà tí áńgẹ́lì wá dé orí 10 tó gbọ́wọ́ sókè tó búra pé chronos ò sí mọ́, àwọn wọ̀nyẹn ló ń dá lóhùn, pé sùúrù tá a ní kẹ́ ẹ ní yẹn, ó ti tó, a ò ní dá yín dúró mọ́. Kairos ò sí nínú orí méjèèjì yẹn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí áàpù yín, nọ́ńbà Strong, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fún ọ̀rọ̀ Gíríìkì kọ̀ọ̀kan kó lè rọrùn láti wá, ti chronos ni 5550, ti kairos ni 2540.